Orí Bàbá Tíṣà àti Sólà Oyèkànmí

Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé òwe yìí ti wà kí sólà tó dé ilé ayé, kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí n sọ tèmi tán, kó tó sọ tiẹ̀. Ìgànná lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, lórí òrùlé Oyèkànmí ọmọ Bàbá Tíṣà.

Bàbá Tíṣà yìí, gbogbo ìlú ló bẹ̀rù rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́, síbẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ ṣì máa ń yà sí kọ̀rọ̀ bí wọ́n bá gbúròó ọ̀pá rẹ̀. Nígbà tí ikú dé, ó pe Oyèkànmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.

"Oyèkànmí, o kì í gbọ́ràn," ó ní. "Láti kékeré lo ti ń fi etí kan gbọ́, tí ò ń fi èkejì dà á nù. Ṣùgbọ́n gbọ́ eléyìí. Ilé mi ò gbọdọ̀ ṣókùnkùn. Lọ́jọ́ tó bá ṣókùnkùn, màá wá béèrè."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó kú. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ò sì kúrò lára Oyèkànmí mọ́. Bàbá tó jẹ́ pé bó bá ní òun máa béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá, ó máa béèrè rẹ̀ dandan, ṣé torí pé ó kú ló ṣe máa gbàgbé?

Oyèkànmí ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì mọ ère bàbá náà, wọ́n gbé e dúró gbọn-in sórí dẹ́kìn, òrùlé sìmẹ́ǹtì pẹrẹsẹ tó wà níwájú ilé, ó kọjú sí títì. Lẹ́yìn náà ló pe Mùtíù tó ń bá àwọn èèyàn to sólà, torí iná ìjọba ò ṣeé gbọ́kàn lé, pálọ̀ ilé náà sì há débi pé bí iná bá lọ lọ́sàn-án gangan, òkùnkùn ni. Mùtíù fẹ́ to sólà sápá ẹ̀yìn òrùlé, níbi tí nǹkan kan ò ti dí oòrùn lọ́wọ́. Oyèkànmí kọ̀.

"Ta ló máa rí i níbẹ̀? Ẹ̀yìn bàbá mi gan-an ni kó wà, kí ará títì rí bàbá, kó sì rí sólà."

Mùtíù ní òjìji ère náà lè dà á láàmú. Oyèkànmí ní bàbá òun kọ́ ló máa da òun láàmú. Mùtíù bá gbé àwọn sólà náà gòkè. Ó tò wọ́n síbẹ̀, ó so gbogbo wọn mọ́ra bí ẹlẹ́wọ̀n, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá dákú, gbogbo ìyókù á bá a dákú. Bátìrì tòkunbọ̀ tí wọ́n rà ò sì lè dá gbé ilé. Yàrá Bàbá Tíṣà ni wọ́n gbé íńfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ agbára sólà di iná ilé, sí, Mùtíù sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ sí Ṣakí.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti ń wọ̀ lọ sápá títì, Oyèkànmí jókòó ní pálọ̀, fáànù ń fẹ́ ẹ. Àfi bí fáànù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tó sì dúró. Yàrá bàbá rẹ̀ wá ń ké: píìn, píìn, píìn. Ara Oyèkànmí bù máṣọ.

"Ìyá Ìbídùn," ó ké sí ìyàwó rẹ̀ tó ń sá èlùbọ́ lẹ́yìnkùlé, "ṣé o gbọ́ ohun tó ń ké ní yàrá bàbá?"

"Íńfátà ni, Bàbá Ìbídùn."

"Íńfátà kì í dédé ké. Bàbá ń béèrè."

Ó rò ó títí. Ó ní oòrùn tó ń pa bàbá lórí ló ń bí i nínú, torí Bàbá Tíṣà kì í jáde láìdé fìlà. Ó pe bíríkìlà padà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dé abetí-ajá ràgàjì kan lé ère náà lórí, etí rẹ̀ méjèèjì nà síta. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, oòrùn ò tíì yí púpọ̀ tí fáànù fi dúró. Íńfátà ké. Oyèkànmí sá jáde láìwọ bàtà.

Ẹ̀rù ò jẹ́ kó ronú. Ó ní kò burú, agbòòrùn ló kù tí bàbá ń béèrè. Ó lọ ra irú ńlá tí àwọn tó ń ta káàdì fóònù máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ ère náà lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kí àwọn èèyàn tó ti ibi ìrun ọ̀sán dé, iná ti lọ.

Oyèkànmí ò lè jẹun mọ́. Bó bá fẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀, ńṣe ló máa ń fẹ̀gbẹ́ ra ògiri. Ó fi aṣọ bo àga tí bàbá máa ń jókòó sí ní pálọ̀. Orí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, orí fífọ́ tí oògùn ò ràn. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbí yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkùnrin náà ń bẹ̀rù ikú. Ó gbà pé bàbá òun ń bọ̀ wá mú òun lọ, àti pé ojoojúmọ́ ló ń yára sí i.

Nígbà tó ku ọ̀la tí bàbá máa pé ọdún kan lọ́run, ọjọ́ tí Oyèkànmí gbà pé bàbá máa dé gan-an, ó gun àkàbà lọ bẹ̀ ẹ́. Ó tú agbòòrùn kúrò, bóyá àwọ̀ rẹ̀ ni bàbá ò fẹ́. Kò pẹ́, ó gbọ́ tí fáànù ń yí nísàlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí dẹ́kìn, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ibẹ̀ ló ṣì wà tí oòrùn fi yí. Ó rí òjìji etí fìlà kan tó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí páànù. Etí náà kan sólà. Orí tẹ̀ lé e. Nísàlẹ̀, íńfátà ké.

"Ìyá Ìbídùn, mo ti rí i," ó pariwo. "Orí bàbá ni."

Ìyàwó rẹ̀ gun àkàbà dé ìdajì, ó wo òjìji náà, ó mí kanlẹ̀.

"Òjìji lásán ló ń lé yín kiri láti ọjọ́ yìí? Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ká ránṣẹ́ sí Mùtíù kó wá sún sólà sẹ́yìn."

"Ará títì ò ní rí i mọ́."

"Bàbá Ìbídùn, bí òjìji ilé bá bo èlùbọ́ mi, ṣé ilé ni mo máa ń wó? Ṣebí èlùbọ́ ni mo máa ń sún."

Ọ̀rọ̀ gidi rèé. Bí Oyèkànmí bá gbọ́ ọ ni, mi ò bá má rí ìtàn sọ fún yín lónìí.

"Mùtíù wà ní Ṣakí, ọ̀la sì ni bàbá ń bọ̀," ó ní. "Bá mi gbé òòlù ńlá wá."

"Láti fi gbá bàbá yín lórí? Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé òòlù fúnra rẹ̀. Nígbà tó padà dé iwájú ère náà, ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Orí yìí nìkan ni. Gbogbo ara tó kù, mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ó dijú, ó sì gbé òòlù. Ẹni tó dijú kì í mọ ibi tí nǹkan ń wó sí. Orí Bàbá Tíṣà tòun ti abetí-ajá kán, ó sì ṣubú sẹ́yìn. Ó fọ́ sólà àkọ́kọ́, ó yí gba orí ìkejì, ó yí gba orí gbogbo ìyókù. Ó lu páànù já, ó lu àjà já, ilé mì tìtì. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Íńfátà pàápàá ò ké mọ́.

Oyèkànmí ń táràrà wọlé. Pálọ̀ ṣókùnkùn, àfi ihò òkè, níbi tí oòrùn gbà wọlé tààrà sórí àga bàbá. Aṣọ tó fi bò ó ti já bọ́. Orí Bàbá Tíṣà jókòó sínú àga náà pẹ̀lú fìlà rẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ilé ti ṣókùnkùn. Bàbá sì ti wá béèrè.

Oyèkànmí na gbalaja sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ó ní.

Ìyá Ìbídùn dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wo ihò, ó wo àga, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ ti bẹ́ orí náà. Tiyín ńkọ́, ṣé ó ti yé fọ́?"

Oyèkànmí fọwọ́ méjèèjì gbá orí mú nílẹ̀ níbẹ̀.

"Ó ń fọ́ ju tàná lọ," ó ní.

Ẹ̀yìn òrùlé ni sólà tuntun wà báyìí, ará títì ò rí i, iná ò sì lọ mọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó gbé òòlù níbi tó yẹ kó kàn sún nǹkan sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á rántí àlejò tó jókòó ní pálọ̀ Oyèkànmí, wọ́n á sì fà á létí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.