Akóredé Ọkọ Ebòlò

Bí ẹ bá pàdé Ọ̀gbẹ́ni Akóredé ní títì Ìkẹ́nnẹ́, tí ẹ sì kí i pé "Ẹ káàárọ̀, sà" nìkan, ẹ ti dẹ́ṣẹ̀ nìyẹn. Kíkí tirẹ̀ máa ń gùn. Ẹ gbọ́dọ̀ fi kún un pé: "Bàbá Ẹ̀fọ́! Ọkọ Ebòlò, àna Gbúre, ẹni tí tẹ̀tẹ̀ ń rí tó ń yà lọ́nà!" Ìgbà náà ni yóò tó fi eyín hàn, tí yóò sì bi yín pé kí lẹ jẹ láàárọ̀. Bí ẹ bá ní búrẹ́dì ni, ẹ wọ gàù. Lórí ìdúró ni yóò ti wàásù fún yín títí oòrùn yóò fi kan àtàrí.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn. Kò sẹ́ni tó bá a dá sí i.

Wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ọba, ṣáláńgá àti kòtò ìdọ̀tí ló ń yọjú wò nílé onílé. Ìjọba ní kó lọ sinmi, ṣùgbọ́n ojú tó ti mọ́ yíyọ kò gbà láti sinmi. Ó fi ṣáláńgá sílẹ̀, ó bọ́ sórí ìkòkò ọbẹ̀. Ó lọ sí sẹ́mínà ọjọ́ kan péré ní Abẹ́òkúta lórí oúnjẹ ọmọdé. Wọ́n fún un ní báàgì kan àti káàdì tí wọ́n ń fi kọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá rí ọrùn Akóredé láìsí káàdì yẹn, inú balùwẹ̀ ló ti rí i.

Gbogbo àṣehàn yìí nídìí. Oyè kan ṣí sílẹ̀ nínú ìjọ wọn, oyè Bàbá Ìkórè Ọmọdé. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kánádà. Ẹni tó bá jẹ oyè náà, àga iwájú ni tirẹ̀, wọ́n á fi sáàṣì pupa kọ́ ọ lọ́rùn, àwọn ọmọdé á sì máa jó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè. Ó wu Akóredé débi pé ó ti rán agbádá funfun tó máa gbé pupa sáàṣì náà yọ.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ti fojú sí i. Fẹ́mi oníbúrẹ́dì ni, ẹni tó máa ń pín búrẹ́dì kéékèèké fún àwọn ọmọ lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: láàárín búrẹ́dì gbígbóná àti ebòlò, èwo ni ọmọdé yóò sáré tẹ̀lé?

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, Akóredé dìde, ó gbọn apá agbádá.

"Àwọn ọmọ wa ò jẹ ẹ̀fọ́ mọ́!" ló fi bẹ̀rẹ̀. "Indómì láàárọ̀, bíìsíkíìtì lọ́sàn-án! Ẹ fi mí joyè yìí, kí ẹ wá wò ó bóyá ọmọ kan máa rí ewé tútù kó má já a jẹ."

"Ewúrẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," Fẹ́mi sọ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ gbọ́ oníyẹ̀fun! Ìwọ tí ò ń fi afẹ́fẹ́ kún inú ọmọ ọlọ́mọ!"

Alùfáà ìjọ náà jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ tètè tán. Ó ní, "Bàbá, lọ́jọ́ Ìkórè Ọmọdé, ẹ gbé ẹ̀fọ́ yín wá. Bí àwọn ọmọ bá jẹ ẹ́, oyè dé ọwọ́ yín. Bí wọn ò bá jẹ ẹ́, a jẹ́ pé Fẹ́mi ló ni ín."

"Ebòlò ni màá gbé wá!" Akóredé búra. Ẹnu ti ṣáájú ọgbọ́n nìyẹn. Ó lè ní gbúre, ó lè ní ṣọkọ, àwọn ẹ̀fọ́ oníwà tútù. Ebòlò ló lọ mú, ẹ̀fọ́ tí òórùn rẹ̀ máa ń dé ilé kejì kí ọbẹ̀ tó hó.

Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ èyí sí yín létí. Akóredé kì í jẹ ẹ̀fọ́. Kì í jẹ ebòlò, kì í jẹ tẹ̀tẹ̀, kì í jẹ ewúro, bí wọ́n tilẹ̀ fọ̀ ọ́ títí tó fi gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ewé kan ṣoṣo tó ń súnmọ́ ètè rẹ̀ ni ewé tí wọ́n fi pọ́n oúnjẹ kókò tí à ń pè ní ẹ̀bìrìpò, ìyẹn náà, ó ń tú u dànù ni. Bí Bánkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá se ẹ̀fọ́ nílé, yàrá ni bàbá yìí máa ń sá sí pẹ̀lú ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ àti orí ẹja, yóò sì ti ilẹ̀kùn.

Dámisọ́lá, ọmọ tí Adérónkẹ́ ọmọ wọn bí, ọmọ ọdún méje, ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Òun ni Akóredé fẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ ebòlò níwájú ìjọ, kí àwọn ọmọ yòókù lè wò ó ṣe. Ojoojúmọ́ ló ń fún un lẹ́kọ̀ọ́.

"Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí ò jẹ ebòlò, bó dàgbà tán, òjìji rẹ̀ ò ní tẹ̀ lé e."

"Àgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá?"

"Àgbà tó ti kú."

"Ṣé ebòlò ló pa wọ́n ni?"

Òwe tán. Akóredé bá ṣèlérí bàtà tó ń tan iná lẹ́sẹ̀ fún un. Ọmọ náà rò ó, ó ní bó bá jẹ́ ṣíbí kan péré, òun gbà.

Bánkẹ́ wo ọkọ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Bàbá Adérónkẹ́, ẹ̀yin náà ẹ tọ́ ọ wò díẹ̀. Ojú yín ni ọmọ yìí ń wò."

"Ṣé dókítà tó kọ oògùn fún aláìsàn ló máa bá a gbé e mì ni?"

Ká ní ó fi mọ síbẹ̀, bóyá ìbá bọ́. Àmọ́ kò tó fún un kí àwọn ọmọ jẹ ẹ̀fọ́. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé ẹ̀fọ́ ló sọ òun di èèyàn. Ó fẹ́ ẹlẹ́rìí. Ló bá gbé mọ́tò, ó lọ sí Ìròlú, ó lọ gbé màmá rẹ̀, arúgbó tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ oko ẹ̀gẹ́.

Nínú mọ́tò, ó ní, "Ìyá, wọn yóò bi yín bóyá mo jẹ ẹ̀fọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà ti mi orí."

"Ó dáa," ni Màmá wí, ó sì sùn lọ.

Ọjọ́ ìkórè pé. Àwọn ọmọdé ru ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ òyìnbó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, orin gba ilé kan. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ kó sábẹ́ kánópì nínú ọgbà. Wọ́n gbé sáàṣì pupa sórí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé ìkòkò ebòlò sí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, àwọn ọmọ tó wà níwájú fi ọwọ́ bo imú, àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyá wọn kiri.

Akóredé bọ́ síwájú nínú agbádá funfun, káàdì ń mì lórí ikùn.

"Ẹ wò mí dáadáa! Kí n tó hu eyín ni mo ti ń jẹ ebòlò! Màmá mi rèé, ẹ bi wọ́n! Dámisọ́lá, bọ́ síbí, ọmọ akọni!"

Dámisọ́lá bọ́ síwájú. Ó gba ṣíbí, ó wo ebòlò, ó wo bàbá rẹ̀ àgbà. Ó wá kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Gbogbo àgbà ibẹ̀ ló mi orí. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún ni níí kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lè balẹ̀.

"Ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́," ni Alùfáà wí. "Bàbá, ẹ tọ́ ọ wò fún wọn."

"Mo ti yó, sà."

"Kí lẹ jẹ?" Fẹ́mi bi í.

"Búrẹ́..." Ó gé e síbẹ̀, àmọ́ ó ti bọ́. Ẹ̀rín ta lábẹ́ kánópì. Fẹ́mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ ṣeun, oníbàárà wa!"

Akóredé wo sáàṣì pupa. Ó wo ṣíbí. Ó fẹ́ oyè yẹn ju ẹ̀mí lọ. Ó ti ṣíbí bọ ẹnu.

Ebòlò wọlé, ó kọ̀, kò lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá wú. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ṣé ó dùn?" ni Alùfáà bi í.

Ó mi orí.

"Ògo ni f'Olúwa! Ẹ jẹ́ ká dijú, ká dúpẹ́ lórí oúnjẹ yìí."

Gbogbo ojú dì. Akóredé rí ọ̀nà. Ó káṣọ sókè, ó ń yọ́ lọ sídìí òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó lè tu ẹrù ẹnu rẹ̀ síbẹ̀. Kò rántí pé ojú ẹnì kan kì í dì. Màmá kì í dijú gbàdúrà. Ó ní ní ọjọ́ orí òun, ẹni tó bá dijú, wọ́n lè rò pé ó ti lọ.

"Akóredé!" Ohùn rẹ̀ gé àdúrà sí méjì. "Gbé e mì!"

Gbogbo ojú là. Wọ́n bá bàbá lórí ìbẹ̀rẹ̀, tó ń wo ìdí òdòdó.

"Ohun tí wo ti ń ṣe láti kékeré rèé!" Màmá ti dìde, ó ń fi ẹnu Ìròlú bá a wí. "Ẹ̀yìn ilé lí Ìròlú, kò sí ewé tó hù níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí wo tu dànù!"

"Màmá," Alùfáà bi í, "ṣé wọn kì í jẹ ẹ̀fọ́ lọ́mọdé ni?"

Akóredé ò lè sọ̀rọ̀. Ó ń fi orí ṣe àpèjúwe fún ìyá rẹ̀ pé kó mi orí. Màmá mi orí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tún àti òsì ló mi ín sí.

"Ta ni jẹ ẹ̀fọ́? Mo ń rọ ọ́ ni! Ó ti wọ ilé-ìwé, mo ṣì ń há a mọ́ itan rọ!" Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó ká ìró rẹ̀ sí orúnkún. "Wá lí ìhín."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..." ló fẹ́ wí, ṣùgbọ́n ebòlò ò jẹ́.

"Mo ní wo wá!"

Kí ni èèyàn fẹ́ ṣe? A kì í jiyàn pẹ̀lú ìyá ẹni níwájú ìjọ. Wolé-wolé àná, ẹni tí gbogbo ilé ń sá fún, wá kúnlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun àti káàdì sẹ́mínà. Màmá dì í nímú. Ẹnu yà. Ó bu ebòlò pẹ̀lú omi ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi bò ó lẹ́nu, ó rọ ọ́. Epo ń ṣàn lọ sí àyà agbádá. Àwọn ọmọdé bá ń pàtẹ́wọ́: "Gbé e mì! Gbé e mì!"

Ó gbé e mì.

Màmá gbójú sókè, ó wo àwọn ọmọ náà. "Ta ló tún kù?"

Ẹ ò bá ti rí eré! Ọmọ tó ń wá ìyá rẹ̀ kiri ti rí ṣíbí. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń gbé e mì, wọ́n ń ya ẹnu han Màmá pé ó ti lọ. Kí Alùfáà tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ń ha ìdí ìkòkò. Fẹ́mi náà jẹ tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó jẹ ẹ́.

"Ìlérí ni ìlérí," ni Alùfáà wí, ó sì mú sáàṣì pupa. "Àwọn ọmọ ti jẹ ẹ̀fọ́."

Ìrètí sọjí lójú Akóredé níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ó fi apá agbádá nu ẹnu, ó tún fìlà ṣe, ó na ọrùn sílẹ̀ de oyè. Alùfáà kọjá lórí rẹ̀, ó sì fi sáàṣì kọ́ Màmá lọ́rùn.

"Ìyá Ìkórè Ọmọdé!"

Ọgbà mì tìtì. Fẹ́mi ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá olóyè, Bánkẹ́ sì ń kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé gèlè rẹ̀ tú. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ju apá, ó ní ọwọ́ ti ń ro òun díẹ̀. Ó bu ìwọ̀nba ebòlò tó kù nídìí ìkòkò sí abọ́, ó gbé e fún Dámisọ́lá.

Ọmọ náà bu ṣíbí kan, ó kún dáadáa. Ó tún kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ yanu."

Akóredé wo ìyá rẹ̀, ó sì yanu.