Irunmú Genadi àti Ojú Malina

Bí ẹ bá bá Genadi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ó gbọ́ nípa irunmú rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ẹwà ara rẹ̀ ni àìsàn tó ń ṣe é. Àwọn ọ̀bọ kéékèèké ló ń tọ́jú ní ọgbà ẹranko ìlú wa létí odò Danúbù, Malina sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Arúgbó ọ̀bọ tí kò ju ìkúùkù lọ ni Malina. Bí Genadi bá ti wọlé, á fò mọ́ ọn láyà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn.

"Ẹ ò rí i?" Genadi á ní. "Obìnrin mọ arẹwà."

Nígbà tí funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú Malina, ọ̀gá àgbà ọgbà náà fẹ́ ránṣẹ́ sí dókítà ní Sófíà. Genadi ní kò pọn dandan. Ó lọ sí ìsun omi Pétka Mímọ́, tí wọ́n ní ó ń wo ojú sàn, níbi tí ìyá rẹ̀ ti máa ń bọ́jú. Ó so òwú mọ́ igi bí àwọn tó ń tọrọ ìwòsàn ti ń ṣe, ó pọn omi sínú ìgò, ó sì fi fọ ojú Malina fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ló kéde ìwòsàn. Ọ̀gá àgbà ní bó bá jẹ́ òótọ́, Genadi ni yóò di olórí ilé ọ̀bọ, ṣùgbọ́n kí dókítà kọ́kọ́ wò ó.

Dókítà Iskra dé, obìnrin kúkúrú kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Malina fò mọ́ Genadi láyà. Genadi gbé àgbọ̀n sókè.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀?" ni dókítà bi í.

"Búrẹ́dì àti aáyù tútù. Ojoojúmọ́ ni."

Dókítà ní kí Genadi gbé Malina sílẹ̀, kó bọ́ síta. Ó fi aáyù pa ìgbálẹ̀ kan, ó sì gbé e ti ògiri. Malina na imú, ó fò, ó dì mọ́ ìgbálẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti Malina, imú ló wà.

Genadi padà wọlé, ó ní bí èèyàn bá wo ìgbálẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́, ó jọ òun díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kí ìgbálẹ̀ kú iṣẹ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Malina. Genadi bẹ ọ̀gá àgbà pé bí ó bá ríran tán, tó sì yan òun láàárín gbogbo wọn, kí wọ́n ṣì fi òun jẹ olórí. Ọ̀gá gbà, kó má ṣáà ti jẹ aáyù.

Lọ́jọ́ tí Malina padà dé, Genadi ti fi òróró pa irunmú. Malina wo fèrèsé. Ó wo ọ̀gá àgbà. Ó wá wo Genadi, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ké bí ẹyẹ, ó sá wọ àpò ẹ̀wù dókítà, kò sì yọjú mọ́.

Genadi wúkọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ojú yẹn ò tíì dáa. Ṣé ẹ lè tún un ṣe?"

Dókítà Iskra tan tọ́ọ̀ṣì sínú àpò rẹ̀, ó fara balẹ̀ wò ó.

"Kedere ló ń ríran, bọ̀dá."