Òfin Katakata Lórí Pápá Koríko Ìdí-Ìyeyè

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ìyeyè, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró! Ẹni tó ń fọṣọ, kó pa omi tì! Oníyeyè ti Ìdí-Ìyeyè, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, ló rán akéde síta. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ogun. Kì í ṣe ti àjàkálẹ̀ àrùn. Ọ̀rọ̀ koríko ni! Ẹ má rẹ́rìn-ín! Koríko ni!

Ẹ mọ Láyíwọlá, tó wa lọ́rì fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni Kábíyèsí fi katakata kékeré pupa tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ lé lọ́wọ́, kó máa fi gé koríko pápá iwájú ààfin. Ẹ sì mọ Ìyá Mórẹ́niké, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Koríko. Lórí ìkúnlẹ̀ ni ìyá yìí wà ní odindi ìgbà òjò méjì, tó ń gbin koríko náà ní ìdì kọ̀ọ̀kan, títí pápá fi tẹ́jú bí ẹní.

Lóṣù tó kọjá, òjò ńlá rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn ọmọ ilé ìwé fẹ́ sá eré ìje. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Láyíwọlá gun katakata, ó gẹ fìlà. Ìyá Koríko bọ́ síwájú rẹ̀.

"Láyí, ilẹ̀ ṣì rọ̀. Jẹ́ kó gbẹ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Èmi tí mo wa lọ́rì gba inú ẹrẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìn, ṣé koríko ló máa dá mi dúró?"

Koríko dá a dúró o! Koríko dá a dúró! Láàárín pápá gan-an ni táyà ẹ̀yìn ti rì. Ó tẹ tọ́tù kí ọkọ̀ lè sáré. Táyà ń yí, ọkọ̀ ò lọ. Ó ń gbẹ́lẹ̀ bí òkété. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tó fi máa rí ọ̀nà jáde, poro tó là sílẹ̀ ti tó kọ ẹgbẹ̀ta ebè iṣu.

Lọ́jọ́ kejì, Olóyè Ọ̀tún jáde wá ṣí eré ìje. Ó gbé ẹsẹ̀ tiyìtẹ̀yẹ. Ẹsẹ̀ wọ poro. Gbàràmù! A rí fìlà, a ò rí olóyè! Ọ̀pọ̀lọ́ méjì fò jáde bí ẹni tí àlejò já lù. Eré ìje di ọjọ́ mìíràn, àwọn ọmọ sì ń sunkún lọ sílé.

Láyíwọlá ń retí kí Ìyá Koríko bú òun. Ìyá ò bú u. Ó kàn jókòó létí pápá, ó ń wo poro náà bí ẹni ń wo ilé tó jó. Ìyẹn dun ọkùnrin náà ju èébú lọ. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó gbé ṣọ́bìrì dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

"Dìde. O tún ń tẹ koríko mọ́lẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi da yẹ̀pẹ̀ sí poro, tí wọ́n fi ń gbin koríko, tí ìyá sì fi ń kọ́ ọ. Kábíyèsí gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, ó sọ ọ́ dòfin.

Òfin kìíní! Kí katakata tó wọ pápá, awakọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá rì, kó lọ sùn! Ó rì? Sùn!

Òfin kejì! Táyà gbẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù díẹ̀, kó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Táyà tó le bí orí alágídí, ojú títì ni kó wà.

Òfin kẹta! A kì í yí lójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ yí, kó ti òkèèrè yà, bí ẹni tó rí àna tó ń bínú.

Òfin kẹrin! Ipa àná kọ́ ni ipa òní. Ẹ máa pààrọ̀ ọ̀nà.

Òfin karùn-ún! Ẹ má di ẹrù sẹ́yìn rẹ̀. Olóyè náà, ẹrù ni!

Òfin kẹfà! Bó bá rì, ẹ má tẹ tọ́tù! Ẹ má tẹ ẹ́! Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ lọ wá pákó tẹ́ sábẹ́ táyà.

Ìjìyà ńkọ́? Ẹni tó bá fi poro tó gba ìka kan sílẹ̀, oṣù kan ni yóò fi wà lórí ìkúnlẹ̀, tí yóò máa kí ìdì koríko kọ̀ọ̀kan pé ẹ kú ìrora. Bí poro bá gba ẹsẹ̀ olóyè, awakọ̀ yóò dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, kí Ọ̀tún gba orí rẹ̀ kọjá lọ sípàdé! Kò sí ẹ̀bẹ̀!

Kábíyèsí gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Láyíwọlá. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ọba gbé e fún Ìyá Koríko.

"Kábíyèsí, mi ò mọ ọkọ̀ wà."

"Láyíwọlá mọ ọkọ̀. Ìyá mọ ilẹ̀. Ẹ lọ kọ́ ara yín."

Àná, kí eré ìje tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Koríko, ẹni àádọ́rin ọdún, wa katakata yí pápá po ní jíà kìíní. Láyíwọlá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wẹ̀yìn. Ó wẹ̀yìn títí. Koríko tí táyà tẹ̀ ń dìde fúnra rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi fìlà nu ojú.

Agogo ti dún! Ẹnu ọba ló ti jáde, etí yín ló wọ̀! Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún aládùúgbò. Ẹni tó sì dúró sórí koríko láti gbọ́, kó rọra bọ́ sójú títì o. Kó rọra!