Ṣúẹ́tà Lọ́ńdọ̀nù Nínú Oko Àna Mi

Bí mo bá dàgbà títí tí n kò rántí orúkọ ara mi mọ́, n kò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo wọ ṣúẹ́tà lọ sóko àna mi. Tíṣà ni mí ní Ṣakí nígbà náà. Mo tín-ínrín, àmọ́ fáàrí mi sanra.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú ṣúẹ́tà náà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní irun àgùntàn kan tí wọ́n ń pè ní mẹrínò ni wọ́n fi hun ún. "Àbúrò, aṣọ yìí kò ní àsìkò. Bí òtútù bá mú, ara rẹ á móoru. Bí ooru bá dé, ara á tù ọ́." Mo gbà á gbọ́. Inú ọyẹ́ la sì wà, ọyẹ́ Òkè-Ògùn tó máa ń la ètè èèyàn bí ẹni la ẹ̀pà. Bí àwọn tíṣà yòókù ti ń gbọ̀n láàárọ̀, èmi ń rìn kiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí iná. Mùínátù, ọmọ Ìsẹ́yìn tí mo fẹ́ fẹ́, wá kí àǹtí rẹ̀ ní Ṣakí lásìkò náà. Ó fọwọ́ pa apá aṣọ náà, ó ní, "Ó mà rọ̀ o! Ó yẹ yín gan-an." Láti ọjọ́ náà ni orí mi ti wú.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: bàbá rẹ̀ kò tíì gbà. Àgbẹ̀ ni Bàbá Mùínátù, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ọwọ́ tíṣà ti rọ̀ jù, ṣọ́ọ̀kì nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n dì mú, kí n wá ṣe ọ̀wẹ̀ ebè iṣu fún òun ná. Gbogbo ẹni tó ń fẹ́ ọmọ nílẹ̀ wa ló ń ṣe irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àna, àmọ́ tèmi ti di ìdánwò. Bí mo bá kùnà, Mùínátù lọ nìyẹn.

Oṣù Kẹta ni. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún ti dáwọ́ dúró, ooru wá ń yọ láti inú ilẹ̀. Làsísì ọ̀rẹ́ mi, tó fẹ́ bá mi ṣe ọ̀wẹ̀ náà, rí mi nínú ṣúẹ́tà ní gáréèjì.

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Mẹrínò ni," mo dá a lóhùn. "Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ tó ni yóò máa tutù tó."

Ó wò mí, ó sì wo oòrùn. N kò sọ fún un pé síńgílẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ lu bí ajere, àti pé ṣúẹ́tà náà ló ń bá mi bo àṣírí.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ la jókòó sí dé Ìsẹ́yìn, eruku pupa sì sọ ṣúẹ́tà mi di aláwọ̀ amọ̀. Ọ̀nà oko ló wá burú jù. Èèmọ́ ti gbẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà, kò fi bẹ́ẹ̀ yọ Làsísì lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó rí irun àgùntàn bí ẹni rí ẹbí. Kí n tó dé oko, àyà, apá, ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ di èèmọ́. Bàbá Mùínátù ń dúró dè wá lábẹ́ igi máńgòrò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí mo ti dìde, ewé gbígbẹ bá mi dìde.

"Kí lèyí?" ó bi mí.

"Ṣúẹ́tà ni, bàbá. Kì í jẹ́ kí ooru mú èèyàn."

"Ó dáa," ó wí, ó sì na ọkọ́ sí mi.

Kò pẹ́ tí òógùn fi bò mí. Ṣúẹ́tà náà ń mu ún. Bó ti ń mu ún ló ń wúwo, bó ti ń wúwo ló ń gùn. Ó kúrò ní ìbàdí, ó dé itan, ó dorí kọ orúnkún. Apá rẹ̀ bo ọwọ́ mi mọ́ ara ọkọ́. "Bọ́ ọ, jàre!" ni Làsísì ń sọ. Mo ní ara ń tù mí. Irọ́ ńlá! Ṣùgbọ́n bàbá ń wò mí, mo sì fẹ́ràn Mùínátù dénú, ni mo bá ń kọ ebè lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Òórùn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká. Irun àgùntàn tó bá ti rin, òórùn àgùntàn náà ni yóò máa rùn. Bàbá Mùínátù na ọrùn, ó wo igbó, ó wo ọ̀nà.

"Ta ló mú àgbò wá sóko?"

Làsísì dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ibẹ̀ ni òòyì ti kọ́ mi, mo sì jókòó pẹ̀ẹ́ sórí ebè. Wọ́n sáré wá, bàbá di apá kan, Làsísì di ìkejì, wọ́n ń fa ṣúẹ́tà náà gba orí mi. Ó há. Inú òkùnkùn rẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn Mùínátù: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Oúnjẹ ti dé." Ìgbà náà gan-an ni aṣọ yẹn jáde lójijì, tòun ti fìlà mi, ó wá ku èmi àti síńgílẹ́ẹ̀tì ajere níwájú rẹ̀. Ọmọ náà rọra sọ igbá iyán kalẹ̀, ó jókòó tì í, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú tì mí, n kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Mo ní ó ti parí.

Bàbá Mùínátù kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn gba àárín ebè mi, ó fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan, kò wó. Ó tẹ òmíràn. Ó padà wá, ó bọ́ dàńṣíkí kíjìpá tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó jù ú sí mi.

"Wọ èyí. Ẹni tó kọ irú ebè yìí nínú àgùntàn, kí ni yóò ṣe bó bá wọ aṣọ?" Ó yíjú sí Làsísì. "Sọ fáwọn ẹbí rẹ̀ kí wọ́n wá dá ọjọ́." Ìgbà náà ló tó bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo rojọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní mẹrínò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ti ìgbà ooru, èyí tó nípọn ni ti yìnyín, èyí tó nípọn lòun sì fún mi. "Mẹrínò ni mo yìn fún ọ. Ṣé o bi mí irú èyí tó jẹ́ ni?" Lóòótọ́, n kò bi í. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju pé kí èèyàn béèrè ìgbà tí wọ́n ń wọ aṣọ kó tó fi yangàn, kó sì tètè rán síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, Mùínátù fi omi gbígbóná fọ ṣúẹ́tà náà kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Òórùn kò lọ, aṣọ ló súnkì, ó di ti ọmọdé. Àkọ́bí wa ló wá ń wọ̀ ọ́ nínú ọyẹ́. Nígbàkígbà tí bàbá ìyá rẹ̀ bá sì wá kí wa, kó tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni yóò ti na ọrùn wọlé: "Ta ló mú àgbò wọ inú ilé?" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?