Wáìfáì Tó Ń Ṣe Ìdákẹ́jẹ́

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ kan dé gbọ̀ngàn àdúgbò wa ní Bali lánàá, níwájú Jero Kelihan, olórí wa, ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo tí í pa ajá lẹ́nu mọ́. Ìyá Rentiasih ló pe Bàbá Suardika, aládùúgbò rẹ̀, lẹ́jọ́.

"Jero, Rentiasih ọmọ mi bímọ sí ìlú Surabaya lọ́hùn-ún. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́! Láti Nyepi, ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ wa, ọjọ́ kẹrin rèé, mi ò tíì rí ojú ọmọ náà. Wáìfáì ọkùnrin yìí nìkan ló ń dé ilé mi, ó sì ti lé fóònù mi jáde."

"Èmi kọ́ o," ni Bàbá Suardika dáhùn. "Ẹ̀rọ wáìfáì mi ló ṣì ń ṣe Nyepi. Àwa èèyàn fi ọjọ́ kan dákẹ́, òun ní ó kù díẹ̀. Ṣé kí n lọ máa bá ẹni tó ń gbàdúrà jà ni?"

"Ẹ̀rọ ń gbàdúrà?"

"Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, Jero. Tó bá ń ronú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọ́n pe ìyàwó Suardika.

"Irọ́ ni! Ẹ̀rọ yẹn ò sùn rí. Ọjọ́ Nyepi gan-an, tí a kì í tanná, tí a kì í jáde, tí a kì í ṣeré, abẹ́ aṣọ ìbora ni bàbá yìí ti ń wo ìjà àkùkọ!"

"Ta ló bi ẹ́ nìyẹn?"

"Ìwọ náà lo ní kí n wá jẹ́rìí ẹ."

Gbọ̀ngàn hó yèè. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ gba fóònù Ìyá Rentiasih.

"Ìyá, ṣé ẹ ti pa á, kí ẹ tún tàn án?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà."

"Ọ̀rọ̀ aṣínà wáìfáì ńkọ́?"

"Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka mi fi bó."

"Ta wá ló tan àwòrán ọkọ̀ òfuurufú yìí?"

Ìyá gbé àyà síwájú. "Èmi ni! Ọkọ̀ òfuurufú kankan kì í fò ní Bali lọ́jọ́ Nyepi. Mo rí ọ̀kan lórí fóònù mi, mo fìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà gbéra. Mo ṣẹ̀ ni?"

"Ìyá, tí èyí bá ti tàn, fóònù ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́."

Jero wúkọ́.

"Ìyá Rentiasih, o purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Oṣù kan gbáko, láràárọ̀, wàá gbé òdòdó àti ìrẹsì lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá Suardika, Nyepi tìrẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la: kò síná, kò síjàáde, kò sọ́rọ̀. Àkùkọ ẹ náà á dákẹ́. Ìgbàkígbà tó bá kọ, ọjọ́ kan lé e."

"Jero! Àkùkọ mẹ́sàn-án ni mo ní!"

"A jẹ́ pé ó dìgbà kan ká tó gbóhùn ẹ."

Akọ̀wé pa àwòrán náà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín gbọ̀ngàn àti ilé Suardika. Kíá ni fóònù dún. Rentiasih ló ń pè láti Surabaya. Ìyá nawọ́, ó tún yára fa ìka padà kó má baà tún ṣi nǹkan tẹ̀.

"Bàbá Suardika," ló wí, "jọ̀ọ́, bá mi di fóònù yìí mú."