Ìpàdé Tí Mo Ti Kọ Àkọsílẹ̀ Rẹ̀ Kí Wọ́n Tó Ṣe É

Bí mo bá darúgbó débi pé mo gbàgbé orúkọ ọmọ mi, ọ̀sán Ọjọ́rú kan wà tí n ò lè gbàgbé láé. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan nílùú Ìlọrin ni ó ti ṣẹlẹ̀, níbi tí mo ti jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́. Àgbà mọ́kànlá ló ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, mo sì gbà pé mo mọ ohun tó dára fún wọn ju àwọn fúnra wọn lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń gbé oúnjẹ alẹ́ fún wọn, èmi ni mo sì fi í síbẹ̀. Máléte ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ràn kí n tètè bá mọ́tò lọ kí èrò tó pọ̀. Mo kọ òfin náà mọ́ ara ògiri kíṣìnì: "Oúnjẹ alẹ́, aago mẹ́rin géérégé. A kì í dúró de ẹnikẹ́ni." Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní oúnjẹ tí àgbà bá tètè jẹ ló ń dà dáadáa.

Àlájà Rábì, tó ti ṣe olórí àwọn oníṣu ní ọjà Ìpàta fún ọdún púpọ̀ kó tó wá sọ́dọ̀ wa, ní àtọ̀gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ fún mi pé bí òun bá ti jẹun ní aago mẹ́rin, ara òun á máa gbọ̀n kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú á sì máa ṣú òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo rẹ́rìn-ín músẹ́ tí mo ní, "Màmá, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀." N ò kọ nǹkan kan.

Nígbà tó yá, wọ́n rán mi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Táíwò Road. Wọ́n kọ́ wa pé àwọn tó ń gbé nírú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tiwọn, kí wọ́n máa fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo padà dé pẹ̀lú báàgì, bírò mẹ́rin àti sátífíkéètì, mo jókòó, mo bá wọn kọ òfin ìgbìmọ̀ wọn. Mo bá wọn yan ohun tí wọ́n máa bèèrè, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n tó tóbi. Kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù fún mi, mo tún kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà tán nígbà tó ku ọ̀la. Mo kọ ẹni tó sọ̀rọ̀, mo kọ ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo pe Dókítà pé kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Dókítà tó ti fẹ̀yìn tì yìí ni olórí àwọn tí ń mójú tó ilé náà, àwa òṣìṣẹ́ sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo sọ fún àwọn àgbà pé aago méjì ló máa dé, aago mẹ́ta ló máa lọ, kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò. Àlájà Rábì bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé aago mẹ́ta ni lóòótọ́. Inú mi dùn pé ó fọkàn sí i.

Ọjọ́rú pé. Mo ní kí Ààfáà Jímọ̀, ọ̀kan nínú wọn tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, fi àdúrà díẹ̀ ṣí ìpàdé. Àfi bí ẹni tó ti ń dúró dè mí. Ó ṣàdúrà fún ìlú, ó ṣe é fún Dókítà, fún àwọn òbí Dókítà, fún mọ́tò Dókítà àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì rántí sípíà tó wà nínú búùtù. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì kọjá.

"Ààfáà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á gbà á," ni mo wí.

"Kò tíì tán, ọmọ mi," ló fèsì. "Kò dáa kí n dá a ṣe. Bàbá Súlè, ẹ fi díẹ̀ kún un."

Bàbá Súlè kì í sọ ju gbólóhùn méjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ náà ló kó gbogbo èyí tó ti ń fi pamọ́ jáde. Nígbà tó ṣe tán, aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa, ó sì sùn lọ síbi tó jókòó sí. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde lójú àdúrà n'Ílọrin?

Mo sáré bọ́ sórí ìdìbò. "Ẹni tó bá fẹ́ kí Ààfáà Jímọ̀ ṣe alága, kó gbé ọwọ́ sókè." Wọ́n bí mi sí ìlú yìí, ó sì yẹ kí n mọ̀ pé àdúrà ni gbígbé ọwọ́ sókè níbí. Gbogbo wọn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, àwọn tó jókòó ti Bàbá Súlè tó ń hanrun bá a gbé tirẹ̀, Ààfáà bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, wọ́n sì ṣe àmín. Mo ka ọwọ́ méjìlélógún. Mo dárúkọ Àlájà Rábì, ọwọ́ méjìlélógún, àmín. Mo dárúkọ Bàbá Súlè fúnra rẹ̀, wọ́n tún bá a gbé ọwọ́ tirẹ̀, ó di méjìlélógún.

Dókítà bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ta ló wá wọlé báyìí?"

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sà."

Ibi tí mo ti ń làágùn lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ti ṣí, tí Síkírá tó ń se oúnjẹ wọlé pẹ̀lú abọ́ tùwó. "Oúnjẹ alẹ́ ti dé o." Mo ṣẹ́jú sí i pé kó padà. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí aago: mẹ́rin géérégé. Mo ti kọ́ ọmọ náà dáadáa jù. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń tàn sórí oúnjẹ alẹ́.

"Oúnjẹ alẹ́ kẹ̀?" ni Dókítà wí. "A ò tíì kírun Aláásárì."

Àlájà Rábì dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, Dókítà. Tí a bá jẹ èyí, ó di ẹ̀kọ àárọ̀ ọ̀la. Èmi tí mò ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, mo sọ fún ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Dókítà nawọ́ sí mi. "Ẹ jẹ́ kí n rí ibi tí ẹ kọ ọ́ sí."

Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú fáìlì mi. Ó gbà á, ó sì kà á sókè: "Àwọn àgbà fi ayọ̀ hàn pé oúnjẹ alẹ́ ń tètè dé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìpàdé parí ní aago mẹ́ta." Ó gbójú sókè. "Ìpàdé wo nìyí?"

"Ti òní ni, sà."

N ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Súlè tó ń sùn wà lára wọn. Àlájà Rábì ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ máa wà lẹ́yìn ìrun Màgáríbì gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ mọ́kànlá ló lọ sókè gbọnrangandan, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Lójijì ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Mo bi Àlájà pé ṣé wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń dìbò tẹ́lẹ̀ ni.

"Wọn ò tíì bí ẹ nígbà tí mo ti ń ka ọwọ́ ní Ìpàta," ló wí. "Dókítà fẹ́ lọ ní aago mẹ́ta. A fẹ́ kí oúnjẹ yẹn bá a níbí."

Dókítà ò lé mi. Ohun tó ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kí ìgbìmọ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi mí ṣe. Mo jókòó sí kọ́rídọ̀ bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé, mò ń ronú ohun tí màá sọ nílé. Ojú tì mí. Oúnjẹ ni mò ń fi du ìyá tó ń ṣàìsàn, tí mo sì ń kọ́ ọ ní bí a ṣe ń jà fún ẹ̀tọ́.

Wọ́n pè mí wọlé. Mo ti ń kúnlẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ kí Àlájà Rábì tó ní kí n jókòó.

"Aago mélòó ni mọ́tò Máléte máa ń lọ gbẹ̀yìn?" ló bi mí. "Ta ló ń dúró dè ọ́ nílé? Sọ fún wa, ká lè mọ bí a ṣe máa to iṣẹ́ rẹ, kí mọ́tò má baà fi ọ́ sílẹ̀."

Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣètò ayé wọn, n ò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo la ẹnu láti dáhùn. Ẹ̀rín ló padà gbọ̀n mí, pẹ̀lú omi lójú.