Ọjọ́ Tí Mo Lọ Kìlọ̀ Ọtí ní Ayewa

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láé. Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé rẹ̀, àwọn ará Ayewa ò ní gbà fún mi. Ìpínlẹ̀ Kogí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ìwé tí a fi ń ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì wa ní Kabba ṣì ní orúkọ Kwara lórí, báírò la fi ń fagi lé e. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, nọ́ọ̀sì tí wọ́n rán lọ kọ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ, tó sì fi ìgbéraga díẹ̀ bọ̀ wálé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àwọn obìnrin tí ọkàn wọn dàrú nígbà oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ, àti àwọn tí ọtí tàbí oògùn ti di bárakú fún nínú wọn. Àlàyé yẹn gùn jù fún àwọn èèyàn, ni wọ́n bá sọ mí ní Nọ́ọ̀sì Wèrè. Bí mo bá ń kọjá lọ́jà, wọ́n á kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀, "Nọ́ọ̀sì Wèrè, okun o," èmi náà á sì dáhùn bí ẹni pé orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyẹn.

Ọkùnrin kan wá bá mi lọ́fíìsì láàárín ọ̀sẹ̀. Sámù lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Ayewa, ní ilẹ̀ Bùnù. Ìyàwó rẹ̀, Tinú, ti bí àkọ́bí wọn láti bí oṣù méjì, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, á fún un lọ́mú. Bí wọn ò bá gbé e fún un, kò ní fọwọ́ kàn án.

"Bàbá mi ní kí n dá a padà sílé bàbá rẹ̀," ló wí, "kí a gba ọmọ sílẹ̀ kó tó ṣe é léṣe. Wọ́n fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ibẹ̀."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo tún fi kún un pé màá bá agbo ilé sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ewu ọtí, nítorí kò síbi tí mo lọ nígbà yẹn tí mi ò ti sọ ọ́, wọn ìbáà bi mí, wọn ìbáà má bi mí.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ aṣọ funfun mi, mo gun ọ̀kadà. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọ̀kadà fi yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọlọ́kadà fò bọ́ sílẹ̀ bí ológbò. Èmi ò kúrò lórí ìjókòó títí ọ̀kadà fi dùbúlẹ̀, mo sì bá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo fi dé Ayewa, apá ọ̀tún mi funfun, apá òsì pupa, òtútù ń mú mi, imú mi sì ti dí pátápátá.

Mo rí ilé kan tí wọ́n sá aṣọ ọmọ tuntun sí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Mo jókòó tì í jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

"Mo mọ̀ pé inú rẹ ò dùn," ni mo wí.

Ó wò mí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè jẹ́wọ́. "Ọkọ rẹ ló wá bá mi ní Kabba. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."

"Ọkọ mi lọ sí Kabba? Oko ló ní òun ń lọ."

"Má bínú sí i. Ọ̀rọ̀ náà ló ká a lára."

Bí mo ṣe ń tù ú nínú ni ojú rẹ̀ ń yí padà, títí tó fi bú sẹ́kún. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti fura pé ọkọ òun ní obìnrin kan ní Kabba. Èmi rò pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa ni. Ibẹ̀ ni Sámù bá wa. "Anti Nọ́ọ̀sì," ló wí jẹ́jẹ́, "ilé wa kọ́ nìyí." Obìnrin tí inú rẹ̀ ń dùn jẹ́jẹ́ ni mo fi ẹnu ara mi pa lẹ́kún. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbà pé oko lọkọ òun lọ lóòótọ́.

Nígbà tí a dé ilé Sámù, àwọn àgbà ti pé. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Iye, rí bí mo ṣe ń gbọ̀n. Ó fún mi ní ìró kí n fi pààrọ̀ aṣọ, ó sì bu nǹkan fún mi láti inú ìkòkò kan tó wà ní kọ̀rọ̀.

"Àgbo ni," ló wí. "Ó ń lé òtútù."

Ó korò, ó sì ń ta lọ́nà ọ̀fun. Mo rò pé kànáfùrù àti ata ló pọ̀ níbẹ̀; imú tó dí ò jẹ́ kí n gbọ́ òórùn kankan. Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀. Nítorí ọ̀wọ̀, mo mu ún tán. Iye rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀, ó bu òmíràn. Mo tún bọ̀wọ̀ fún un.

Mo wá dìde láti sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára: mo ní ọ̀tá ilé ni ọtí. Lẹ́yìn náà mo ní ọ̀tá ilé ni ọtí. Nígbà tí mo tún fẹ́ sọ ọ́ ni mo rí i pé ahọ́n mi ti wúwo, pé bàbá Sámù ti di méjì, àwọn méjèèjì sì ń wò mí. Mo ní kí n rọra jókòó. Àpótí wà níbì kan, ìdí mi lọ síbòmíràn. Mo bá ara mi nílẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí pa mí láìnídìí.

"Nọ́ọ̀sì," bàbá Sámù wí pẹ̀lẹ́, "ọtí tí ẹ ń sọ yìí, ṣé ẹ mú un dání wá ni?"

Mo gbọ́ tí ẹlòmíràn náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin tín-ín-rín kan tó kọjú sí ògiri látìgbà tí a ti wọlé ló yíjú padà. Tinú ni.

"Bó ṣe máa ń ṣe èmi náà nìyẹn," ló wí. "Bí mo bá ti mu àgbo Iye, ilẹ̀ á máa yí."

"Kí ló wà nínú rẹ̀, Iye?" Sámù bi ìyá rẹ̀.

"Èèpo igi ni. Ògógóró ni mo fi rẹ ẹ́." Ohùn Iye ti lọ sílẹ̀. "Ẹkún ló ń sun tọ̀sántòru lẹ́yìn tó bímọ. Mo ní kó lè rí oorun sùn ni."

"Mo rí oorun náà sùn," Tinú wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá jí, ọkàn mi á wúwo ju ti tẹ́lẹ̀. Bí Iye bá lọ sóko, èmi fúnra mi ni mò ń lọ bù ú. Mi ò lè ṣe kí n má bù ú mọ́." Ó wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ Iye. "Wọ́n ní mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá gbé e nígbà tí ilẹ̀ ń yí, mo lè jù ú sílẹ̀."

Bàbá Sámù fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ dáadáa kan wà tó yẹ kí n sọ nígbà náà, mo mọ̀ ọ́n nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí i mú. "O ṣeun," ni mo rí sọ. Lẹ́yìn náà mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní Tinú, mo sì sùn lọ.

Nígbà tí mo jí, oòrùn ti ń rọlẹ̀, Tinú sì jókòó tì mí.

"Ẹ ń hanrun," ló wí.

A bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Òun ló sọ èyí tó pọ̀ jù, torí orí ń fọ́ mi débi pé mi ò lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ bí ọjọ́ ìrọbí ṣe bà á lẹ́rù, bí ilé ṣe ń kún fún àlejò tí inú wọn ń dùn, tí òun sì ń wá inú dídùn tirẹ̀ tí kò rí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jẹ́ kí ẹni tí mò ń tọ́jú sọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Wọn ò dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Sámù gbé òun àti ọmọ wá sí Kabba lọ́jọ́ Mọ́ńdè; dókítà ní kí wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn, torí kò dáa kéèyàn jáwọ́ nínú irú ọtí bẹ́ẹ̀ lójijì nílé láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ má rò pé ẹ̀rín ló wò ó sàn. Oògùn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ wà níbẹ̀, ọjọ́ tó padà sídìí ọtí náà sì wà níbẹ̀. Iye ló ń jókòó tì í nígbà tó bá ń wẹ ọmọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi dá a lójú. Lọ́jọ́ tó dá nìkan pọn ọmọ wá bá mi lọ́fíìsì, ojú fèrèsé ni mo kọ́kọ́ kọjú sí ná, kó má bàa rí omi lójú mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju pé kí n béèrè orúkọ obìnrin kí n tó máa tù ú nínú, kí n béèrè ohun tó wà nínú ife kí n tó gbé e sẹ́nu, kí n sì dákẹ́ díẹ̀ sí i. Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi láìpẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́, ó bi mí bóyá kí àwọn náà máa tọ́ ọtí díẹ̀ wò kí wọ́n tó lọ bá aláìsàn. Mo ní kó jókòó. Mo fẹ́ bá a wí, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́.